Ẹ Má Fi Ọwọ́ Ara Yín Ba Ẹjọ́ Ìkọ̀sílẹ̀ Yín Jẹ́

Àṣìṣe tó burú jù nínú ẹjọ́ tọkọtaya ni kéèyàn máa fọ̀rọ̀ pamọ́ fún lọ́yà ara rẹ̀. Èèyàn á jókòó síwájú lọ́yà, á to ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, àmọ́ kò ní mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí òun náà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago méjì òru pé, "O ò ní fojú kan àwọn ọmọ yìí mọ́." Tó bá di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, lọ́yà kejì á yọ ọ̀rọ̀ náà jáde lórí bébà, tòun ti déètì àti aago. Ìgbà yẹn ni lọ́yà tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Kí ni kó wá sọ? Àṣírí ni ohun tẹ́ ẹ bá bá lọ́yà yín sọ, nítorí náà, èyí tó ń tì yín lójú gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.

Ẹ má sì pa irú ọ̀rọ̀ WhatsApp bẹ́ẹ̀ rẹ́ o. Ó wà lórí fóònù ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà lowó tí wọ́n rọra kó lọ sínú àkáǹtì àbúrò lọ́sẹ̀ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀: ìwé báńkì á fi hàn. Adájọ́ tó bá ti rí irú ẹ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti gba ohun mìíràn tẹ́ ẹ bá sọ gbọ́.

Ẹ má fi ẹjọ́ ẹlòmíì ṣe tiyín. Ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹni tó fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ kò ní láti ka ẹ̀sùn kankan sí ẹnì kejì lọ́rùn mọ́. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1970 ló ń darí ìgbéyàwó kóòtù: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìgbéyàwó náà ti dàrú kọjá àtúnṣe, Ilé Ẹjọ́ Gíga ló sì lè tú u ká. Ẹni tó bá gbé irú ẹ̀ lọ kóòtù ìbílẹ̀, ìwé tí wọ́n bá fún un níbẹ̀ ò tú nǹkan kan. Tó bá fi lọ fẹ́ ẹlòmíì, wàhálà tuntun ló fà lẹ́sẹ̀ yẹn.

Nínú ẹjọ́ tẹ́ ẹ ti ń bára yín fà á, lọ́yà kan kì í dúró fún ẹ̀yin méjèèjì.

Ní ti ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wọn sá lọ sílẹ̀ òkèèrè. Lábẹ́ Àdéhùn Hague ti ọdún 1980, ìyẹn àdéhùn lórí ọmọ tí wọ́n gbé sá lọ sílẹ̀ òkèèrè, tí orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 wà nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí wọ́n dá ọmọ padà síbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ tí wọ́n bá ń lù yín, ẹ kúrò níbẹ̀ ná. Ẹ lọ rí dókítà, ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún lọ́yà lọ́jọ́ náà, nítorí ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ẹni náà má sún mọ́ yín. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣì ní sùúrù.

Tí wọ́n bá wá gbé ìwé kóòtù wá, ẹ má torí ìbínú tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní iye ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Tó bá kọjá, wọ́n lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn yín. Ẹ kọ ọjọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́ sára àpòòwé rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú un lọ bá lọ́yà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.