Ìwọ̀n Àdàlù Kọnkéré fún Ẹni Tó Ń Kọ́lé

Kí ẹnikẹ́ni tó pàṣẹ pé kí wọ́n po kọnkéré, ó yẹ kó mọ ohun tí kọnkéré náà yóò gbé, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi nínú ilé ló ń ru ẹrù kan náà. Fún èyí tí a ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ kòtò ìpìlẹ̀ kí a tó to irin, tàbí fún ilẹ̀ yàrá tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámáànì fúlọ́ọ̀, 1:3:6 ti tó: sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn mẹ́ta, òkúta mẹ́fà. Òpó, bíìmù, líńtẹ̀lì, àtẹ̀gùn àti dẹ́kìn, tí irin wà nínú wọn, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 1:2:4 lọ. Bí ilé bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohun tí ẹ́ńjíníà bá kọ sínú àwòrán ni kí a tẹ̀lé.

Sìmẹ́ǹtì pàápàá ní ipele agbára, bíi 32.5 àti 42.5; èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló lágbára jù. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń rí sí ìdíwọ̀n ojúlówó ọjà, ti ní kí a fi 32.5 rẹ́ ilé nìkan, kí a sì máa fi 42.5 da òpó àti dẹ́kìn. Ẹ wo ara àpò kí ẹ tó sanwó.

Wílíbárò kì í ṣe òṣùwọ̀n tó ṣeé gbára lé, nítorí lébírà kan yóò bu tirẹ̀ gegele, èkejì yóò sì bu tirẹ̀ dé ẹnu lásán. Àpò sìmẹ́ǹtì 50 kg kan jẹ́ nǹkan bíi lítà 35. Nítorí náà, ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó fẹ̀ ní 35, tó sì ga ní 25. Òṣùwọ̀n àpò kan gan-an nìyẹn. Fún 1:2:4, àpótí yanrìn méjì àti ti òkúta mẹ́rin ni yóò bá àpò kan lọ.

Omi ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ti tó fún àpò kan, kó tilẹ̀ dín bí òjò bá ti pa yanrìn. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fẹ́ bu omi kún un kó lè rọrùn láti tú, ṣùgbọ́n ibi tí omi àṣejù yẹn bá ti gbẹ kúrò ni ihò wẹ́wẹ́ yóò kù sí, agbára kọnkéré yóò sì lọ sílẹ̀, bó ti wù kí sìmẹ́ǹtì pọ̀ tó. Mo máa ń dúró ti kẹ́ẹ̀gì náà fúnra mi títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra yanrìn wò. Bó bá fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, ẹ dá a padà. Ní ẹ̀bá òkun Èkó, ẹ ṣọ́ra fún yanrìn oníyọ̀, nítorí iyọ̀ ń mú kí irin dípẹtà.

Dẹ́kìn tó fẹ̀ ní mítà 10 sí 10, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, yóò jẹ nǹkan bíi àpò 95 ní 1:2:4. Bíríkìlà tó bá sọ pé 60 ti tó ti fẹ́ dín in kù nìyẹn. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ máa da omi sí i fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi àpò tútù bò ó.