Bí a ṣe ń da ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí inú ọkọ̀ RV nù láìba àyíká jẹ́

Ẹni tó bá yá ọkọ̀ RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tí a lè máa gbé inú rẹ̀ bí ilé, láti fi gbafẹ́ lọ sí àwọn ọgbà ìjọba ní Amẹ́ríkà ti gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dání, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì palẹ̀ ohun tó bá wà nínú rẹ̀ mọ́. Táǹkì mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ̀kan fún omi tó mọ́, ọ̀kan fún omi ìwẹ̀ àti omi tí a fi fọ abọ́, ọ̀kan fún ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 30 sí 40 ni táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà, èyí tó tó lítà 113 sí 151, nítorí náà kì í pẹ́ kún bí èrò inú ọkọ̀ bá pọ̀.

Omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà rárá, ẹ da omi gálọ́ọ̀nù 2 tàbí 3 sínú táǹkì rẹ̀, kí ẹ sì fi oògùn tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ tètè rà sí i. Oògùn tó ń lo ẹ́ńsáìmù tàbí kòkòrò àìfojúrí ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ní formaldehyde, ìyẹn kẹ́míkà apakòkòrò, nínú, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgọ́ tí irú ọkọ̀ yìí ń gúnlẹ̀ sí, tó jìnnà sí ìlú, ló ní táǹkì ìgbẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló sì ń jẹ ìgbẹ́ inú rẹ̀. Bí formaldehyde bá pa wọ́n, ìgbẹ́ kò ní rà mọ́. Ní ti tísù, ẹ já ewé kan sínú ìgò omi, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n. Bí kò bá fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Ẹ má ju tísù olómi tí a fi ń nu ìdí ọmọ sínú rẹ̀ láé, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára páálí rẹ̀.

Àwọn àgọ́ kan wà tí ihò ìgbẹ́ wà níbi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gúnlẹ̀ sí. Ní ọgbà orílẹ̀-èdè Yellowstone, àgọ́ Fishing Bridge nìkan ni irú rẹ̀. Ní irú àwọn àgọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í ṣe. Wọ́n á so rọ́bà gígùn tí ìdọ̀tí ń gbà jáde mọ́ ihò, wọ́n á ṣí fáàfù, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí ẹnu táǹkì tí a sì fi ń pa á dé, ti táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi padà sílé, wọ́n ń rò pé ìrọ̀rùn ni. Omi nìkan ló ń ṣàn lọ ní tirẹ̀. Ìgbẹ́ tó kù yóò máa gorí ara wọn lábẹ́ ihò ìgbọ̀nsẹ̀ títí yóò fi ga bí òkìtì ọ̀gán, yóò sì gbẹ mọ́lẹ̀. Ẹ pa fáàfù náà dé títí táǹkì yóò fi kún dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí omi tó pọ̀ lè gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pa ti omi ìwẹ̀ náà dé, nítorí pé ẹ ó nílò omi ọṣẹ yẹn láìpẹ́.

Bí kò bá sí ihò níbi tí ẹ gúnlẹ̀ sí, ẹ wá ibùdó ìdàgbẹ́, èyí tí wọ́n ń kọ Dump Station sí lára àmì ojú títì. Ó máa ń wà ní àwọn àgọ́, ní àwọn ilé epo àwọn awakọ̀ akẹ́rù, àti ní àwọn ibi ìsinmi kan lójú títì ní ìpínlẹ̀ bíi Washington àti Iowa. Àwọn kan ń gba owó, àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀fẹ́. Iṣẹ́ agbépóò ni ohun tó kàn, kò sí orúkọ mìíràn tí a lè pè é, ẹ má sì tìtorí ìtìjú ṣe é ní wàràwàrà.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ wa ọkọ̀ débi tí ẹnu páìpù ìjáde rẹ̀, tó sábà máa ń wà ní apá awakọ̀, yóò fi súnmọ́ ihò ilẹ̀. Kí ẹ tó ṣí ìdérí páìpù, ẹ rí i dájú pé fáàfù méjèèjì wà ní pípadé, kí ẹ sì gbé ike kan sábẹ́ rẹ̀, torí omi díẹ̀ máa ń kán sílẹ̀ bí ó ti wù kó rí. Ẹ yí ẹnu rọ́bà títí yóò fi há mọ́ àwọn ìkọ́ ara páìpù, ẹ fà á díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó dúró. Ẹ ki orí kejì bọ inú ihò, kí ẹ sì rí i pé kò lè fò jáde. Ẹ wá fa fáàfù ìgbọ̀nsẹ̀ dé òpin. Ẹ ó gbọ́ tí yóò máa hó ṣààṣà, rọ́bà náà yóò sì máa mì. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ pa fáàfù dé, ẹ da omi sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ tún ṣí i, títí ohun tó ń jáde yóò fi mọ́ díẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ páìpù tó mọ́ gaara bíi díńgí kì í wọ́n, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rí àwọ̀ omi náà. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó ṣí omi ìwẹ̀, tí yóò fi ọṣẹ rẹ̀ ṣan inú rọ́bà.

Nígbà tí ẹ bá ń tú rọ́bà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ gbé e sókè kí gbogbo omi inú rẹ̀ lè dà sí ihò. Ẹ ṣan ohunkóhun tó bá ta sílẹ̀ wọ inú ihò, ẹ dé ihò náà, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí pé àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi A wà lára àwọn ohun tí ìgbẹ́ ń gbé kiri. Rọ́bà tí ẹ fi ń gba omi mímu kò gbọdọ̀ dé ìtòsí ibẹ̀ rárá.

Omi ìwẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré. Nínú àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè, òfin kò gbà kí a da omi ìdọ̀tí ọkọ̀ sílẹ̀ níbikíbi yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Òfin ilẹ̀ ìjọba tí Bureau of Land Management, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń bójú tó yọ omi ìfọ̀ǹkan sílẹ̀ nínú èèwọ̀ yìí, àmọ́ òfin ìpínlẹ̀ tàbí ti àdúgbò lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní tèmi, inú táǹkì ni kí ó máa wọ̀ níbi gbogbo, torí ọ̀rá àti èérún oúnjẹ máa ń pe béárì àti eku wá. Ẹ fi tísù nu ọbẹ̀ kúrò lára abọ́ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi asẹ́ sí ẹnu síńkì.

Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ níbi tí kò sí ihò, ẹ ra táǹkì kékeré onítáyà, tí ẹ ó máa fi kó ìdọ̀tí lọ sí ibùdó láìtú ọkọ̀ ńlá kúrò nílẹ̀. Ẹ wo iye gálọ́ọ̀nù tó ń gbà kí ẹ tó ṣí fáàfù sí i, nítorí pé bí èyí tó wà nínú ọkọ̀ bá pọ̀ jù ú lọ, ilẹ̀ ni ìyókù yóò bọ́ sí.