Bí mo ṣe ń yẹ àròkọ àwọn ọmọ JSS 2 wò

Ọmọ 54 ló wà ní kíláàsì JSS 2 tí mo ń kọ́ ní Yorùbá ní Ìbàdàn. Bí mo bá fún wọn ní àròkọ, ìwé 54 ni yóò jókòó dè mí lórí tábìlì. Mo mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ti kánjú ṣe é rí, ọmọ kan ló sì jìyà rẹ̀.

Ọmọ náà kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó ń lẹ táyà. Ó ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ri túùbù bọ inú omi, tí omi á máa hó níbi tó ti jò. Kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Mo fi bírò pupa kun gbogbo ojú ìwé náà, mo fún un ní 6 nínú 20. Láti ọjọ́ náà, ìlà márùn-ún péré ló ń kọ. Ó ti yé e pé bó bá ṣe kọ ọ́ gùn tó ni pupa yóò ṣe pọ̀ tó. Mi ò rí i tún ṣe kó tó gòkè sí JSS 3.

Nísinsìnyí, inú kíláàsì ni mo ti ń mú wọn kọ ọ́, ní ìṣẹ́jú 40. Bí wọ́n bá gbé e lọ sílé, ẹ̀gbọ́n ni yóò bá wọn kọ ọ́. Orí-ọ̀rọ̀ tí ojú wọn ti rí ni mo ń fún wọn: "Bí a ṣe ń fọṣọ nílé wa ní Sátidé."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń ka ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà àkọ́kọ́, bírò kò sí lọ́wọ́ mi. Kí ni ọmọ yìí fẹ́ sọ? Ṣé ó sọ ọ́ débi tí mo fi rí i? Ṣé ìpínrọ̀ kan ń fa èkejì lọ́wọ́? Mo ń kọ máàkì ìyẹn sílẹ̀ kí n tó wá àṣìṣe kankan. Nínú 20, mo ń fi 7 sí ohun tó sọ, 4 sí ètò, 5 sí ìlò èdè, 4 sí àkọtọ́ àti àmì ohùn. Bí àkọtọ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ burú jáì, 4 yẹn nìkan ló lè sọnù.

Ní ti ìlò èdè, ẹ ṣọ́ "àti." Ọmọ á kọ "Mo jí àti mo fọ ẹnu." Gẹ̀ẹ́sì ló ń rò. "Mo jí, mo sì fọ ẹnu" ni tiwa. Bó bá ṣe é nígbà mẹ́sàn-án, àṣìṣe kan ni mo kà á sí. Èyí tó bá sì kọ "aiye" tàbí "enia," ẹ bi í léèrè: ó lè jẹ́ inú ìwé orin ìyá àgbà ló ti kọ́ ọ. Mi ò ń yọ máàkì fún un, mo ń sọ fún un pé àkọtọ́ 1974 ti yí i sí "ayé" àti "ènìyàn."

Àmì ohùn ló gba sùúrù jù. Ọmọ kọ "Ọkọ baba mi wa ni ọna Ọyọ." Ṣé ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀? Mi ò ń bá a fi àmì sí i. Mo ń pè é pé kó kà á sí mi létí. Bí ẹnu rẹ̀ bá pè é dáadáa, ọwọ́ ni kò tíì mọ̀ ọ́n kọ. Dò-re-mí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò tún un ṣe. Bí ẹnu pàápàá bá kọsẹ̀, èdè gan-an ni kò tó lẹ́nu rẹ̀, bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé. Ìtàn àti ìwé kíkà sókè ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, kì í ṣe bírò pupa. Ọmọ márùn-ún ni mo ń gbọ́ lóòjọ́. Ọjọ́ 11 ni mo fi ń gbọ́ gbogbo wọn tán.

Ẹ má kàn kọ "ó dára" sí ìsàlẹ̀. Ẹ sọ ibi tó ti dára: "Ọṣẹ tó ta sí àbúrò rẹ lójú yẹn, mo rí i." Lẹ́yìn náà, ohun kan péré tí yóò tún ṣe.

Mo ń pa àròkọ àkọ́kọ́ táàmù kìíní ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ sínú fáìlì. Ní táàmù kẹta, mo ń tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun níwájú rẹ̀, màá sì dákẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi fìka tọ́ka sí ohun tó ti yàtọ̀.