Bí A Ṣe Ń Wọn Ohun Tí Ẹ̀yà Tuntun Fi Kún Agbára Ẹ́ńjìnnì Ọ̀kadà

Tí wọ́n bá bọ́ sálẹ́ńsà tó bá ọ̀kadà wá, tí wọ́n fi èyí tí inú rẹ̀ ṣófo rọ́pò rẹ̀, etí ló kọ́kọ́ ń gbà pé agbára ti pọ̀ sí i. Ọ̀kadà ń bú ramúramù, ẹni tó gùn ún sì gbà pé owó òun kò ṣòfò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ti pàdánù díẹ̀ nínú agbára tó ní tẹ́lẹ̀. Etí kò lè sọ èwo ni.

Ẹ wo Bajaj Boxer 150. Sìlíńdà kan ṣoṣo ló ní, 144.8 cc, nǹkan bí 12 hp (òṣùwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) sì ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ fún un ní ìyípo 7,500 ní ìṣẹ́jú kan. Tí sálẹ́ńsà tuntun bá fi ìdá 5 nínú 100 kún un, gbogbo èrè rẹ̀ kò ju 0.6 hp lọ. Ara ẹni tó jókòó lórí ọ̀kadà kò lè mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n a lè wọ̀n ọ́n láìsí dáínò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, tí a bá ní fọ́ọ̀nù, òṣùwọ̀n ọjà, ẹfun àti ọ̀nà tó tẹ́jú, tí a sì fara balẹ̀.

Ẹ tún un ṣe ná

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyí: wọ́n á fi fíítà olówó ńlá sí ọ̀kadà tí eruku ti dí fíítà àtijọ́ rẹ̀ pa. Ọ̀kadà á sáré sí i, wọ́n á sì máa yin fíítà tuntun, bẹ́ẹ̀ fíítà ilé-iṣẹ́ tó mọ́ ìbá ṣe iṣẹ́ kan náà ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀kadà tí ara rẹ̀ yá ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ ṣe tápẹ́ẹ̀tì (àlàfo orí fáàfù) nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, sí iye tí ìwé ọ̀kadà yín kọ. Ẹ fọ plọ́ọ̀gì tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi fíítà tó mọ́ sí i, kí ẹ sì da ọ́ìlì tuntun sí i. Ṣéènì kò gbọdọ̀ le jù: kó máa mì sókè-sódò ní nǹkan bí 20 sí 30 mílímítà. Ẹ gbé e sórí sítáǹdì ńlá kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn; tó bá dúró lójú ẹsẹ̀, búrèkì ló ń fà á, gbogbo nọ́ńbà yín ló sì máa bàjẹ́. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn táyà sí iye kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n.

Tí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, agbára tí písítìnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀ nínú sìlíńdà, bá ti lọ sílẹ̀ nítorí pé atẹ́gùn ń jò, ríìngì tàbí fáàfù ni kí ẹ lọ ṣe. Kò sí sálẹ́ńsà tó lè dí ihò yẹn.

Nọ́ńbà mẹ́ta

Èkíní ni ìwúwo. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọkà, kí ẹ tọrọ òṣùwọ̀n pẹpẹ tí wọ́n fi ń wọn àpò àgbàdo. Ẹ gbé táyà iwájú lé e, kí ẹ fi pákó tó ga tó òṣùwọ̀n náà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn kí ọ̀kadà má bàa dẹ̀gbẹ́. Kí ẹni tó máa gùn ún jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú àṣíborí àti aṣọ tó máa wọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, kí ẹ ṣe táyà ẹ̀yìn bákan náà, kí ẹ sì ro méjèèjì pọ̀. Ká ní ó jẹ́ 200 kg. Ẹ rí i pé epo inú táǹkì kò yí padà púpọ̀, nítorí lítà epo kan wúwo tó nǹkan bí 0.74 kg.

Èkejì ni ìrìn táyà. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí táyà ẹ̀yìn ti kan ilẹ̀, àti sí ilẹ̀ náà. Kí ẹni náà jókòó, kí ẹlòmíì tì í síwájú títí àmì táyà á fi tún kan ilẹ̀, kí ẹ wá fi téèpù wọn àlàfo náà. Táyà 3.00-17 máa ń wà ní nǹkan bí 1.83 mítà. Ẹ má wọ̀n ọ́n láìsí ẹni lórí rẹ̀, torí ìwúwo ń tẹ táyà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹta: iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí táyà ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà lára kọ́fà magínétò, kí ẹ fi sí gíà kẹta. Ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà, kí ẹnì kan máa ka ìyípo fláwíìlì, àgbá tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nínú kọ́fà náà. Tí táyà bá yí ní ìgbà 4 tí fláwíìlì sì yí ní ìgbà 50, nọ́ńbà yín ni 12.5.

Ìró ni aago wa

GPS inú fọ́ọ̀nù sábà máa ń sọ eré ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí à ń wá kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ìró ẹ́ńjìnnì ló dára jù. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà kan tó jẹ́ fóò-sítúróòkù ń jó epo lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì. Ní ìyípo 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń dún ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi 120 sọ iye ìdún náà di púpọ̀, ẹ ti rí ìyípo nìyẹn. Kò sí sìlíńdà míì tó máa da ohùn rẹ̀ rú.

Ẹ fi máìkì tó wà lára okùn ìgbọ́hùn fọ́ọ̀nù (ìyàfóònù) sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn ara, kí ẹ fi òwú wé e, torí atẹ́gùn ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ ní WAV, kí ẹ ṣí i nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún ohùn, kí ẹ yí i sí Spectrogram (àwòrán tó ń fi ìró hàn bí ìlà), kí ẹ fi window size sí 8192. Ẹ máa rí àwọn ìlà tó ń gòkè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára. Àlàfo láàrin ìlà méjì tó tẹ̀léra ni iye ìdún. Máìkì fọ́ọ̀nù kì í gbọ́ ohùn tó wà nísàlẹ̀ dáadáa, nítorí náà ìlà kẹrin ni kí ẹ kà: ní ìyípo 5,000 ó máa wà ní 166.7 Hz, ní 7,000 ó máa wà ní 233.3 Hz. Àkókò tó gbà láti ti èkíní dé èkejì ni ẹ fẹ́.

Ní ti ọ̀nà, ẹ má ṣe é ní ojú títì ńlá bíi ti Kubwa tàbí ti pápákọ̀ òfuurufú ní Abuja. Ẹ wá ẹ̀sítéètì tí wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà rẹ̀ tí ilé kò tíì kún, kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ó tó kí ọ̀nà náà gùn ní 500 mítà, láìsí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnì kan sì dúró lápá kọ̀ọ̀kan kí ọmọdé tàbí màlúù má bàa já sójú ọ̀nà. Ẹ gùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbóná. Ní gíà kẹta, ẹ mú un dúró ní nǹkan bí 30 km/h, kí ẹ ṣí tọ́rótù pátá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ dì í mú títí yóò fi kọjá 7,000 díẹ̀, kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é ní ìgbà márùn-ún ní àlọ, márùn-ún ní àbọ̀, kí ara yín wà ní ipò kan náà. Ẹni tó bá tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, tó nà gbọnrangandan lẹ́ẹ̀kejì, ti yí agbára atẹ́gùn padà.

Lẹ́yìn náà ẹ wọn ohun tí atẹ́gùn àti táyà ń jẹ. Ẹ sáré dé nǹkan bí 65 km/h, ẹ fi sí níútírà, kí ó máa rọra dínkù fúnra rẹ̀. Ẹ fi fídíò gba ojú míítà eré sílẹ̀, kí ẹ ka àkókò tó gbà láti 61 dé 44. Míítà ọ̀kadà sábà máa ń sọ ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ẹ fi wé GPS nígbà tí eré bá dúró sójú kan. Èyí náà, àlọ àti àbọ̀.

Ìṣirò

Eré ní ìyípo 5,000: 5,000 ÷ 12.5 × 1.83 ÷ 60 = 12.2 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 7,000, ó jẹ́ 17.08. Ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá: 291.7 − 148.8 = 142.9. Ẹ fi ìdajì ìwúwo, 100, sọ ọ́ di púpọ̀: 14,290 joule.

Ká ní ó gba 3.1 ìṣẹ́jú-àáyá láti gòkè: 14,290 ÷ 3.1 = 4,610 watt. Ká ní ó gba 10.4 láti rọ̀ sílẹ̀: 14,290 ÷ 10.4 = 1,374 watt. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 5,984 watt. Ẹ pín in sí 746, ó di 8.0 hp.

Ẹ má bá ìwé ilé-iṣẹ́ jà pé 12 ló kọ. Agbára tó dé táyà ni tiwa, láàrin ìyípo 5,000 sí 7,000, lẹ́yìn tí gíà àti ṣéènì ti gba tiwọn. A kò sì ka èyí tí fláwíìlì àti rímù ń gbà láti yí. Ìyàtọ̀ láàrin ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì ló ṣe pàtàkì.

Tí ó bá wá di 3.0, èsì yóò jẹ́ nǹkan bí 8.2 hp. Ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ti jẹ́ ìdá 2.5 nínú 100. Nítorí náà, tí àkókò mẹ́wàá tí ẹ kọ fún sálẹ́ńsà kan ṣoṣo bá wà láàrin 2.9 sí 3.3, ẹ kò lè sọ pé ẹ̀yà tó fi 0.1 dín in kù ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n

Kí ẹ wọn sálẹ́ńsà ilé-iṣẹ́ ní àárọ̀ ọyẹ́, ní 18 °C, kí ẹ wá wọn tuntun ní ọ̀sán oṣù kẹta, ní 38 °C: ooru nìkan á ti yọ nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 kúrò nínú agbára, torí atẹ́gùn gbígbóná fúyẹ́. Ọ̀rinrin ìgbà òjò náà ń gba àyè atẹ́gùn nínú sìlíńdà. Ìdáàbòbò tó dájú jù ni pé kí ẹ wọn ti àtijọ́, kí ẹ wọn tuntun, kí ẹ sì dá ti àtijọ́ padà kí ẹ tún un wọ̀n, gbogbo rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan náà kí atẹ́gùn ọyẹ́ tó dìde. Tí ti àtijọ́ ìgbà méjèèjì kò bá bára mu, ẹ da gbogbo èsì ọjọ́ yẹn nù. Ó ń dunni, ṣùgbọ́n ó sàn ju irọ́ lọ.

Ẹ̀yà kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fi sálẹ́ńsà, fíítà àti plọ́ọ̀gì sí i lọ́jọ́ kan náà kò lè mọ èyí tó ṣe iṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa rí

Sálẹ́ńsà òfìfo sábà máa ń mú agbára ìsàlẹ̀ lọ, kó sì fi díẹ̀ kún ti òkè. Ẹ tún Spectrogram kà láti 3,500 dé 5,000; ibẹ̀ ni ọ̀kadà tó ń gbé èrò méjì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Tó bá ń dún pàú-pàú nígbà tí ẹ bá dẹ tọ́rótù, ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ. Ẹ fi jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá) tó tóbi ní nọ́ńbà kan sí méjì sí kábúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Láti mọ̀ bóyá ó tó: ṣí tọ́rótù pátá ní gíà kẹta, fa klọ́ọ̀ṣì, pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, yọ plọ́ọ̀gì. Tí tánganran rẹ̀ bá funfun ṣáṣá, epo kò tó, ẹ má sì fi gba ọ̀nà jíjìn, torí písítìnì lè yọ́. Tó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù.

Fíítà tí kò ní àpótí, ẹ má fi sí ọ̀kadà ní àríwá. Bó bá tilẹ̀ fi ìdá 2 nínú 100 kún un, eruku ọyẹ́ á gé ríìngì àti sìlíńdà láàrin àkókò díẹ̀, ẹ ó sì pàdánù ju èyí tí ẹ rí lọ.

Sprọ́kẹ́ẹ̀tì, àgbá eléyín tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀, kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì rárá. Èyí tó tóbi lẹ́yìn á mú kó yára gbéra, á sì dín eré òpin kù. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún ìyípo fláwíìlì kà kí ẹ tó ṣírò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò á parọ́ fún yín.

Jẹ́ẹ̀tì tó bá Abuja mu, tí ìlú náà wà ní nǹkan bí 450 mítà sókè òkun, á pọ̀ jù fún Jos, tó wà ní nǹkan bí 1,200 mítà. Atẹ́gùn ibẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 kéré sí ti Abuja, nítorí náà ẹni tó ń gbé ọ̀kadà lọ síbẹ̀ á gbé jẹ́ẹ̀tì tó kéré dání, á sì tún gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.