Dátà Kún Kọ̀ǹpútà, Ẹni Tí Yóò Dáhùn Ìbéèrè Kò Sí: Fún Àwọn Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tún àkọsílẹ̀ wọn ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀sùn kan náà ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu akọ̀wé kan dé òmíràn: gbogbo nǹkan ti wà nínú kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ bí alága bá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípàdé, ìwé ńlá àtijọ́ ni wọ́n tún máa ń lọ ṣí. Dátà tí mò ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nípa ọmọ ẹgbẹ́ ni, ìyẹn orúkọ, ọjọ́ àti iye owó. Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí títí ó fi sú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó pè mí.

Ìbéèrè: Òdo tó ṣáájú nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti pòórá. Ta ló yọ ọ́?

Excel, ìyẹn ètò tí ẹ fi ń to àkọsílẹ̀ yín lórí kọ̀ǹpútà, ló yọ ọ́. Ó rò pé iye owó ni ẹ ń kọ, òdo tó bá sì ṣáájú iye kò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹ sọ òpó (column) náà di Text kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà sínú rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn náà. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà jẹ́ ẹyọ 11, ti àkáǹtì báńkì jẹ́ ẹyọ 10. Èyí tí kò bá pé, ẹ bi ẹni tó ni ín kí ẹ tó fi òdo kún un.

Ìbéèrè: Mo kọ 5/3/2024 fún ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, kọ̀ǹpútà ní oṣù karùn-ún ni. Àwọn ọjọ́ mìíràn sì ti di 45292.

45292 kì í ṣe àṣìṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni Excel ti ń ka ọjọ́ bọ̀, iye tó kà dé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 nìyẹn. Ẹ yí òpó náà sí Date, yóò padà di ọjọ́.

Èyí tó yí sódì ló léwu. Ètò Amẹ́ríkà ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, níbi tí oṣù ti máa ń ṣáájú ọjọ́. Bí ẹ bá kọ 25/3/2024, kò sí oṣù 25, nítorí náà yóò fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ ó sì rí i pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n 5/3/2024 yóò yí padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé owó tí wọ́n san láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 12 oṣù ni ó máa ń ṣáko lọ sí oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ máa kọ ọdún ṣáájú: 2024-03-05.

Ìbéèrè: Fáìlì mẹ́fà ló wà lórí WhatsApp wa, mẹ́ta nínú wọn ń jẹ́ «tuntun». Èwo ni ká gbà gbọ́?

Kò sí. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹnì kan ṣoṣo máa kọ nǹkan sínú rẹ̀, kí àwọn yòókù máa kà á. Ọjọ́ tí ẹ bá tún fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan pé kó fi díẹ̀ kún un ni ẹ ti ní ìkeje.

Ìbéèrè: Àwọn owó tí a kọ kẹ́yìn kò sí nínú fáìlì mọ́.

Ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì náà. Bí ó bá jẹ́ .xls, fáìlì ayé àtijọ́ ni, ìlà 65,536 péré ni ó lè gbà. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ 400, tí olúkúlùkù ń san owó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò dé ibẹ̀ kí ọdún 14 tó pé. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2020: èsì àyẹ̀wò kòrónà 15,841 ni kò wọ inú ìṣirò wọn lásìkò, nítorí pé fáìlì .xls ti kún. Ẹ sọ tiyín di .xlsx, tí ó gba ìlà 1,048,576.

Ìbéèrè: Níbi tí mo ti kọ «ẹ», áº¹ ló jáde, «ṣ» ti di á¹£.

Fáìlì CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ya àwọn òpó rẹ̀ sọ́tọ̀, ni ẹ ṣí, ẹ sì kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Ẹ pa á dé LÁÌFI ÌYÍPADÀ KANKAN PAMỌ́. Ẹ wá ṣí Excel òfìfo, ẹ lọ sí Data, ẹ yan From Text/CSV, ẹ sì mú UTF-8, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi kọ àwọn lẹ́tà náà. Orúkọ àwọn èèyàn yín kò bàjẹ́, kìkì pé kọ̀ǹpútà ń fi kóòdù mìíràn kà á ni. Ọjọ́ tí ẹ bá fi ìkàkúkà yẹn pamọ́ ni ó tó bàjẹ́.

Ìbéèrè: Mo ń fi ojú ara mi rí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí mo bá wá a, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Ṣé ó ti ya wèrè ni?

Kò ya wèrè. Èmi ni ó kù díẹ̀ kí n ya wèrè.

Ẹgbẹ́ kan tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní irínwó ló pè mí, nítorí pé obìnrin kan tí kò tíì san gbèsè àkọ́kọ́ tán ti tún gba owó ẹ̀yáwó mìíràn. Àkápò sọ tẹnu rẹ̀: òun wá orúkọ obìnrin náà nínú ètò kékeré tí wọ́n fi ń ṣọ́ owó ẹ̀yáwó, ètò náà ní kò jẹ gbèsè, òun sì fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ti ń wò ó bí ẹni wo olè. Nígbà tí mo ṣí àkọsílẹ̀ náà, Adéọlá méjì ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan jẹ gbèsè, èkejì kò jẹ. Ẹnì kan náà sì ni. Orúkọ méjèèjì rí bákan náà lójú mi, kò sí àmì ohùn kan tó yàtọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé àlàfo ni ẹnì kan tẹ̀ mọ́ ìparí orúkọ. Mo nu gbogbo àlàfo kúrò, kò yí padà. Mo sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, kò yí padà. Mo wá ṣe ohun tí mo ṣì ń kábàámọ̀ títí dòní: mo ní kí akọ̀wé tún ọgbọ̀n orúkọ tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ nínú wọn bá ara mu, àwọn kan tí wọ́n sì ti bá ara mu tẹ́lẹ̀ kò bá ara mu mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá báyìí. Ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí oorun kọ̀ mí, mo ní kí Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ka iye àmì tó wà nínú Adéọlá kọ̀ọ̀kan. Ó ní mẹ́fà ni ti àkọ́kọ́. Ó ní mẹ́sàn-án ni ti ìkejì.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, «é» ní nọ́ńbà tirẹ̀, «ọ» náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún lè kọ «e» kí ẹ wá gbé àmì òkè lé e lórí, tàbí «o» kí ẹ fi àmì sí i nísàlẹ̀, ojú èèyàn kò sì ní mọ ìyàtọ̀. «Ọ̀» tilẹ̀ burú jù, nítorí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ rárá: ẹ lè gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé «Ọ» lórí, ẹ lè fi àmì abẹ́ lẹ́tà sí «Ò», ẹ sì lè mú «O» lásán kí ẹ to méjèèjì mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká akọ̀wé ń to àmì mọ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù tí igbákejì rẹ̀ fi ń kọ tirẹ̀ ń gbé lẹ́tà jáde lódidi. Àwọn méjèèjì kọ Yorùbá tó dára. Ètò náà ló ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà.

Ìlà kan ṣoṣo ló tún un ṣe, èyí tí ó sọ gbogbo orúkọ di irú kan tí wọ́n ń pè ní NFC, níbi tí lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ti ń di ọ̀kan bí ó bá ti ṣeé ṣe; ní Python, `unicodedata.normalize("NFC", orúkọ)` ni. Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló padà so pọ̀ mọ́ ara wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n dá àkápò láre, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn àwọn tó ń sọ pé ká kúkú bọ́ gbogbo àmì kúrò. Ẹgbẹ́ kan ṣe é. Nígbà tí wọ́n wá ń wá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wá láti Ọ̀wọ̀, gbogbo ìlà tí wọ́n ti kọ «owó» ló jáde wá bá wọn. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ẹ sì fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà láé. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ máa fi wá a. Kí ó má ṣe jẹ́ nọ́ńbà fóònù, torí tọkọtaya tó ń lo fóònù kan kò wọ́n.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ́ wa pé dátà á di ìsọfúnni, ìsọfúnni á di ìmọ̀, ìmọ̀ á di ọgbọ́n. Tiwa ti mọ́ tónítóní báyìí, kí ló dé tí kò tíì di nǹkan kan?

Russell Ackoff, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ àkàbà yẹn di mímọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1989. Àkàbà náà dára, àmọ́ kì í gun ara rẹ̀. 5,000 jẹ́ dátà. Pé ọmọ ẹgbẹ́ nọ́ńbà 117 san ₦5,000 lọ́jọ́ 5 oṣù kẹta, èyí ti di ìsọfúnni. Ó di ìmọ̀ nígbà tí ẹnì kan bá béèrè pé, «Àwọn wo ni kì í lè san lóṣù kẹsàn-án, kí ló sì fà á?» tí ó sì to ọdún mẹ́ta jọ, tí ó rí i pé àwọn tó ní ọmọ nílé ìwé ni wọ́n pọ̀ jù nínú wọn. N kò tíì rí akọ̀wé tó mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wá bá mi. «Báwo ni mo ṣe lè fi àwọ̀ sí i?» ni mò ń gbọ́.

Ìbéèrè: Fláàṣì tí gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kò ṣí mọ́, tàbí mo ti ṣèèṣì pa fáìlì náà rẹ́.

Ibí yìí ni kí ẹ ti ká ọwọ́ kúrò. Ohun tí ẹ pa rẹ́ ṣì lè wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba àyè rẹ̀, nítorí náà, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ wà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ sì gbé sórí fláàṣì yẹn gan-an lè jẹ́ èyí tí yóò pa á rẹ́ pátápátá. Bí kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ «Format» rẹ̀, ẹ kọ̀. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, kì í ṣe ọmọ àbúrò yín tó mọ fóònù tẹ̀. Kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò ní da ohun tó bá rí níbẹ̀ kọ fún ara rẹ̀, torí BVN irínwó èèyàn ló wà lórí rẹ̀, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì gbé ojúṣe ìpamọ́ rẹ̀ lé ẹgbẹ́ yín lórí. Títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kódà fọ́tò kan ṣoṣo, ẹ má ṣe fi í sórí fláàṣì náà.