Bí ẹ ṣe lè gbọ́ ohùn ọmọ ìyá márààrún nínú orin Jackson 5

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Jackson 5, ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ìyá márùn-ún kan ní Amẹ́ríkà, Michael Jackson nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́. Èmi náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ki íápíìsì kan bọ̀ mí létí, tó ní, “Fi Michael sílẹ̀ ná. Gbọ́ àwọn tó ń gbè é.” Àṣé odindi ilé kan ló wà nínú orin yẹn! Bó ṣe kọ́ mi nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti wá. Gary ni, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, níbi tí Joseph bàbá wọn ti ń wa kireni nílé iṣẹ́ irin. Yàrá méjì ni ilé wọn ní, ọmọ mẹ́sàn-án ló sì dàgbà níbẹ̀. Bàbá ní gìtá tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Tí bàbá bá ti lọ síbi iṣẹ́, Tito, ọ̀kan lára àwọn ọmọ náà, á yọ́ ọ gbé, á máa ta á, títí okùn kan fi já mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá bínú gan-an, ó wá ní kó ta á kóun gbọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó rí i pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n ta. Ní nǹkan bí ọdún 1964, Jackie, Tito àti Jermaine ti ń kọrin pọ̀. Marlon àti Michael dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà.

Ẹ fi “Big Boy” bẹ̀rẹ̀. Steeltown, ilé iṣẹ́ orin kékeré kan níbẹ̀ ní Gary, ló gbé e jáde ní 1968, kí Motown, ilé iṣẹ́ orin ńlá kan, tó gbà wọ́n. Michael ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Orin náà rọra ń lọ ni, ẹ má retí ijó.

Ó kan “I Want You Back” ti ọdún 1969. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn èlò nìkan: dùùrù á rọ́ wálẹ̀ láti òkè, gìtá àti básì á sì gbà á. Ẹ má wá ọwọ́ Tito níbẹ̀ o, àwọn tó ń lo ohun èlò orin tí Motown háyà ló ṣe é. Lẹ́ẹ̀kejì, ègbè nìkan, bí àwọn ẹ̀gbọ́n ṣe ń dá àbúrò lóhùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wá gbọ́ Michael. Ẹ ó rí i pé lórí èjìká wọn ló dúró sí.

“I’ll Be There” ti ọdún 1970 ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ lórí ẹ̀ jù. Iná pípa, íápíìsì létí. Michael ló ń lé e, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Láàárín orin, Jermaine á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 péré ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti ki, ó sì móoru. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dá ibẹ̀ mọ̀, omi bọ́ lójú mi, nítorí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń gba ẹrù lórí mi nígbà tá a wà ní kékeré gẹ́lẹ́ ni.

Ẹ má sì gba gbogbo ohun tí Motown kéde nígbà náà gbọ́. Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Michael, ó sì ti pé 11. Wọ́n ní Diana Ross, gbajúmọ̀ olórin Motown, ló rí wọn, bẹ́ẹ̀ Bobby Taylor, olórin Motown mìíràn, ló mú wọn wá sí Motown.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ gbọ́ àwọn àwo tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1975, nígbà tí wọ́n kúrò ní Motown, tí Jermaine dúró síbẹ̀, tí Randy àbúrò wọn sì bọ́ sáàyè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ohùn Jermaine dáadáa, etí yín á máa wá a.