Ọ̀rọ̀ Hítì: Àṣìṣe Tí Ẹ Fi Ń Náwó Dànù

Àwọn ọmọ ilé mi ń pè mí ní Bàbá Alámọ̀, nítorí kíka wàláà amọ̀ Hattusa, olú ìlú àwọn Hítì ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ó dára, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Hítì, ẹ gbọ́ tẹnu Bàbá Alámọ̀.

1. Ríra ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan fowó gọbọi ra ìdìpọ̀ kan nínú ìwé atúmọ̀ èdè Hítì ti Yunifásítì Chicago, ló bá ń bá ẹni tó tà á jà pé ó yọ A sí K. Kò sẹ́ni tó yọ nǹkan kan! Orí L ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 1980, torí àwọn ará Jámánì ti ń bá tiwọn bọ̀ láti A. Ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn máa gbé e ni.

2. Ìwé nípa Lúwíà alámì-àwòrán (èdè tó bá Hítì tan, tí wọ́n ń fi àwòrán kọ) tó jáde ṣáájú 1973. Ẹ gbé e jù síbẹ̀. Àmì méjì tí wọ́n ń kà sí “i” àti “ī” nígbà náà, “zi” àti “za” ni wọ́n.

3. Lẹ́tà š tí ẹ ó rí nínú ọ̀rọ̀ Hítì kì í ṣe ṣ tiwa. S ni kí ẹ pè é.

Èyí tó ń gbé mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà ńlá. Gbólóhùn tí Hrozný, ọ̀mọ̀wé ará Czech, fi tú èdè yìí ní 1915 ni nu NINDA-an ezzatteni watar-ma ekutteni: ẹ ó jẹ búrẹ́dì, ẹ ó sì mu omi. Kíá, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé NINDA ni búrẹ́dì lédè Hítì. Ta ló sọ fún yín? Àmì Súmérì, èdè àtijọ́ kan ní Ìráàkì òde òní, ni akọ̀wé yá lò, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́; èdè tirẹ̀ ló fi ń kà á. -an tó wà nídìí rẹ̀ nìkan ni Hítì. Watar ni Hítì gidi, òun ló bá water àwọn Gẹ̀ẹ́sì tan.

Ẹ tún wo DINGIR-LIM-iš. DINGIR, Súmérì; LIM, Ákádì, èdè àtijọ́ mìíràn láti ìhà ibẹ̀; -iš, Hítì. Èdè mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ọlọ́run ni ìtumọ̀ rẹ̀. Šiu- ni wọ́n ń pe ọlọ́run lédè Hítì, ó bá Zeus, orúkọ òrìṣà àwọn Gíríìkì, tan, kò bá theos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọlọ́run, tan rárá, bó ti wù kí ìró wọn jọra tó. Hattusili Kẹta, ọba Hítì, wá kọ̀wé nípa Mursili bàbá rẹ̀ pé DINGIR-LIM-iš kišat, ó di ọlọ́run. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àròkọ gbọọrọ wá bá mi, ó ní ọjọ́ ìgbadé ni ọba ń di òrìṣà. Ọmọ mi, ọba kú ni wọ́n ń sọ! Lóòótọ́, wọ́n ń bọ àwọn ọba tó ti kú, ṣùgbọ́n bí àlejò bá gbọ́ pé ọba wàjà, tó gbé àkàbà tó ń wá ọba kiri inú àjà, kí ni ẹ ó ti ṣe é?

Ẹ má sì pe èdè yìí ní hattili. Ti àwọn ará Hátì tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú nìyẹn, kò bá Hítì tan. Nešili ni àwọn Hítì ń pe tiwọn, láti ara ìlú Nesa, tí òkìtì àwókù rẹ̀ wà ní Kültepe, ní Tọ́kì. Ní ti tabarna, orúkọ oyè ọba, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń jà sí i bóyá Hátì ni tàbí Lúwíà. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ẹ má bu ìdájọ́ lé e.